Ẹ Bu Owó Lé E, Ẹ Má Lé E

"Ó ti lágbára jù, ẹ lé e kúrò." Níbikíbi tí àwọn tó ń fi gémù Pokémon ṣeré bá ti kóra jọ láti dá líìgì sílẹ̀, gbólóhùn yìí kì í pẹ́ dé. Ẹnìkan á fi ẹ̀dá kan fọ́ ẹgbẹ́ ẹlòmíràn túútúú ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹjọ́ ti dé iwájú ọ̀gá líìgì pé kí wọ́n fòfin de ẹ̀dá náà, kí ẹnikẹ́ni má rí i lò mọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè iye tí wọ́n tà á. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí ẹni tó ni ín fi sílẹ̀ kó tó rí i rà. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹgbẹ́ tó fọ́ náà wò, bóyá ọwọ́ ẹni tó kó o jọ ni àléébù wà. Ó lágbára, nítorí náà kó máa lọ. Èrò yìí ti wọ́pọ̀ débi pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò rò pé ó tún nílò ẹ̀rí. Ó nílò ẹ̀rí, kò sì ní in. Ní líìgì tí a ti ń fi pọ́ìntì ra ẹ̀dá, iye owó ni a fi ń kápá agbára. Iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni ìfòfindè wà fún. Ẹni tó bá fi èkejì ṣe iṣẹ́ èkíní ń ba líìgì jẹ́, bó tilẹ̀ rò pé òun ń tún un ṣe.

Inú ètò líìgì náà gan-an ni ìdáhùn wà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ. Ọdún 1996 ni gémù Pokémon àkọ́kọ́ jáde ní Japan, àwọn ẹ̀dá Pokémon lápapọ̀ sì ti lé ní 1,000 báyìí. Kò pọn dandan kéèyàn ní ẹ̀rọ Nintendo kó tó lè bá ẹlòmíràn jà: Pokémon Showdown wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ́ tó jókòó sí Fádèyí pẹ̀lú dátà díẹ̀ lè bá ẹni tó wà ní Tokyo wọ̀yá ìjà. Ká wá sọ pé ènìyàn mẹ́jọ, láti Fádèyí títí dé Bàrígà, fẹ́ dá líìgì draft sílẹ̀. Wọ́n á fún olúkúlùkù ní 100 pọ́ìntì. Wọ́n á gbé ìwé kan kalẹ̀ tí iye owó ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, láti orí pọ́ìntì 1 títí dé 20. Wọ́n á wá máa mú ẹ̀dá ní ìtẹ̀léra títí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi ní mẹ́wàá. Ẹni tó kọ́kọ́ mú ní ìpele kìn-ín-ní ni yóò mú kẹ́yìn ní ìpele kejì. Èyí tí ẹnìkan bá ti mú, ẹlòmíràn kò tún lè mú un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa kojú ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni oníkálukú yóò sì kó wọ ìjà. Ẹ fi ọkàn sí nǹkan méjì níbẹ̀: owó ní òpin, ẹnìkan ṣoṣo ló sì lè ni ẹ̀dá kan. Orí méjèèjì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

N kò ní fi ẹnu àwọn tó ń pè fún ìfòfindè sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní àwọn ẹ̀dá kan wà tí agbára wọn ti kọjá ohun tí owó lè díwọ̀n: Mega Rayquaza, tí àròpọ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ 780, tó bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan, mẹ́sàn-án yòókù lè jẹ́ pàǹtí, ìjà ti parí. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé mẹ́fà péré là ń kó wọ ìjà, ẹni tó ra ẹ̀dá olówó ńlá kò jìyà kankan, torí àwọn tó rà ní pọ́ọ́kú á kàn jókòó sílé ni. Wọ́n tọ́ka sí Smogon, àwọn tó ti ń ṣòfin ìjà Pokémon láti ọdún 2004, pé bí àwọn àgbà wọ̀nyẹn bá ń lé ẹ̀dá kúrò, ta ni àwa tí a ó sọ pé kò dáa? Wọ́n ní iye owó máa ń fa àríyànjiyàn àti ojúsàájú, ṣùgbọ́n ìfòfindè ṣe kedere: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ẹni tuntun tí ẹ̀dá ńlá bá lù bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú márààrún tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dúró bí a bá gbọ̀n ọ́n wò.

Smogon ni kí a kọ́kọ́ mú, torí òun ni igi tí gbogbo wọn fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni pé Smogon ń lé ẹ̀dá kúrò. Ṣùgbọ́n irú ìjà wo ni wọ́n ń ṣòfin fún? Ìjà gbangba ni, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè mú ẹ̀dá tó wù ú láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹ̀dá kan bá ju gbogbo wọn lọ níbẹ̀, gbogbo ayé ni yóò mú un, nítorí mímú un kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí Mega Rayquaza jáde ní 2014, Ubers pàápàá, tí í ṣe àgbàlá tí Smogon ń kó àwọn alágbára sí, kò lè gbà á. Wọ́n ní láti dá ìsọ̀rí tuntun sílẹ̀ fún un tí wọ́n pè ní Anything Goes. Níbi tí kò sí owó, kí ni wọn ìbá tún ṣe? Ìfòfindè nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Líìgì draft ní owó. Ẹ̀dá kan kò sì lè wà lọ́wọ́ ẹni méjì, nítorí náà bí Rayquaza bá wà nínú líìgì ènìyàn mẹ́jọ tí gbogbo wọn yóò kojú ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olùdíje kọ̀ọ̀kan yóò rí i sójú, ó sì ti mọ ọ̀sẹ̀ tí yóò jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ìjà. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Smogon kì í sọ ẹ̀dá tó bá lé nù: ẹni tó bá fẹ́ lò ó á lọ bá a ní Ubers. Líìgì tiwa ńkọ́? Kò ní Ubers. Ẹ̀dá tí a bá lé nínú draft kò ríbi kankan lọ mọ́. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ń tẹ̀lé àgbà mú ìdájọ́ tí àgbà ṣe ní ilé tí kò lówó, wọ́n wá ń fi ṣèdájọ́ nínú ọjà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ìwé iye owó fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, ẹnìkan pinnu pé 20 ni iye tó ga jù, gbogbo wa sì gbà á bí òfin Mósè. Ẹ̀dá tó bá tó 18, a kọ 18 sí i. Èyí tó tó 20, a kọ 20. Èyí tó bá wá tó 35 ńkọ́? Dípò ká kọ 35, a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí a lé jáde. Ohun tí a ń pè ní "ó ti lágbára jù" kò ju "ó ti kọjá nọ́ńbà tí a fọwọ́ ara wa kọ" lọ. Ẹ̀rù nọ́ńbà 21 la sọ di òfin. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ẹni tó ra ẹ̀dá kan ní 20 ní 80 lọ́wọ́ fún mẹ́sàn-án tó kù, ìyẹn nǹkan bí 9 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan, torí 10 ni ìpíndọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Bó bá di 35, 65 ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan di nǹkan bí 7. Bó bá di 50, ohun tó kù kò pé 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni náà á wá máa fi àwọn ẹ̀dá tí kò lè gba ẹ̀ṣẹ́ méjì kojú àwọn ẹ̀dá pọ́ìntì 10 àti 12 tí ẹgbẹ́ kejì kó wá. Láàárín 20 àti 50, ibì kan wà tí ọwọ́ olùrà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, tí méjì nínú àwọn mẹ́jọ yóò ní àwọn ó rà á, tí mẹ́fà yóò ní ó ti wọ́n jù. Ibẹ̀ ni iye rẹ̀ tòótọ́ wà. Ṣé ẹ ti gbé e débẹ̀ rí? Bí ẹ ò bá tíì gbé e débẹ̀, ẹ̀rí wo lẹ ní pé owó kò ká a? Àwọn tó ń ta ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà kì í da ẹja ńlá padà sómi torí pé ó ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n á sọ iye rẹ̀ fún ọ, ìwọ lo ó sì mọ̀ bóyá ọbẹ̀ náà tó ohun tí o fẹ́ ná lé e lórí.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ Èkó kan náà tó ń pariwo ìfòfindè mọ òtítọ́ yìí dunjú nínú gémù mìíràn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí líìgì Gẹ̀ẹ́sì bá ń lọ lọ́wọ́, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ọ̀rọ̀ Fantasy Premier League ni wọ́n ń sọ: ta ló fi ẹni tí kò wọ pápá ṣe káputéènì, ta ló ta agbábọ́ọ̀lù kan ní ọ̀sẹ̀ tó gbá méjì wọlé. Mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn ni gémù náà ń fún olúkúlùkù láti ra agbábọ́ọ̀lù 15, kò sì gbọdọ̀ mú ju mẹ́ta lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Ní sáà 2022/23, mílíọ̀nù 11.5 ni wọ́n ta Erling Haaland. Góòlù 36 ló gbá wọlé nínú líìgì, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí Premier League ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kó pọ́ìntì 272 fún àwọn tó rà á. Bí ẹ̀dá kan bá wà tó "ti lágbára jù," ṣé òun kọ́? Kí ni àwọn tó ni gémù ṣe? Wọn kò lé e. Wọ́n gbé owó rẹ̀ sí mílíọ̀nù 14 ní sáà tó tẹ̀lé e. Ó ṣì gba bàtà wúrà pẹ̀lú góòlù 27, ṣùgbọ́n pọ́ìntì 217 ló kó, nígbà tí Cole Palmer, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní mílíọ̀nù 5 péré, kó 244. Ní 2024/25, wọ́n tún gbé Haaland sí mílíọ̀nù 15. Pọ́ìntì 181 ló rí mú wá, Mohamed Salah tó jẹ́ mílíọ̀nù 12.5 sì kó 344. Haaland kò di ọ̀lẹ lọ́dún méjì. Owó rẹ̀ ló mú kí ìbéèrè tuntun dìde: ṣé kí n rà á, tàbí kí n fi iye rẹ̀ ra ẹni méjì tó dáa? Ìbéèrè yẹn ni adùn gémù. Ẹ sì rántí pé nínú gémù bọ́ọ̀lù yẹn, gbogbo ènìyàn ló lè ra Haaland lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ owó ká a. Mélòó-mélòó wá ni líìgì tí ẹnìkan ṣoṣo ti lè ní in?

Àwọn tó mọ gémù dáadáa nínú wọn á wá mú ọ̀rọ̀ ìjókòó-sílé wá. Mẹ́fà là ń kó wọ ìjà, wọ́n ní. Nítorí náà olówó ẹ̀dá ńlá á ra márùn-ún tó dáa tì í, á fi mẹ́rin tó kù ṣe pọ́ìntì 1 kọ̀ọ̀kan, ìyà owó kò sì kàn án. Èyí ni àríwísí tó lágbára jù tí wọ́n ní, ó sì gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú draft: alátakò rẹ ń wo ẹ̀dá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ìjà tó dé. Ẹni tó ní mẹ́wàá tó gbọ́ná, alátakò rẹ̀ kò lè mọ mẹ́fà tí yóò kó wá. Ẹni tó ní mẹ́fà tó wúlò àti mẹ́rin tó jẹ́ ìdọ̀tí, gbogbo ayé ló mọ ohun tí yóò kó wá, láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní títí dé ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Ẹ̀dá tó jókòó sílé ń jà láìwọ pápá, torí ó ń dẹ́rù ba ẹni tó ń gbìmọ̀. Ẹni tó bá ta ìbẹ̀rù yẹn ní pọ́ìntì mẹ́rin ti san owó ńlá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ètò náà ṣì fàyè gbà á jù, ẹ jẹ́ kí owó orí òkè ga ní gíga tòótọ́: kí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀dá kìn-ín-ní àti èkejì jẹ́ pọ́ìntì 8 tàbí 10, kó má jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Tàbí kí ẹ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ju ọ̀kan lọ nínú àwọn ẹ̀dá ńlá náà. Àwọn tó ni Pokémon fúnra wọn ṣe irú rẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé wọn ní 2016, nígbà tí wọ́n gba ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti kó méjì péré nínú àwọn ẹ̀dá tó ga jù. Ìdíwọ̀n nìyẹn, ẹ̀dá náà ṣì wà lórí pápá.

Kí ni a tilẹ̀ ń pè ní agbára? Àwọn afòfindè máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà lójú ara ẹ̀dá bí àmì ara aṣọ. Àròpọ̀ agbára Regigigas jẹ́ 670, ó ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí wọ́n ti fòfin dè lọ. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ìjà, ìdajì ipá àti ìdajì eré rẹ̀ ni yóò fi jà fún ìpele márùn-ún kó tó jí, kí ó sì tó jí, wọ́n ti lù ú ṣubú. Slaking náà ní 670. Ọjọ́ kan ló ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ kejì ló ń sùn. Ẹ wá wo Pachirisu, ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré aláwọ̀ funfun àti búlúù tí àròpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 405. Ní ìdíje àgbáyé 2014 ní Washington, Sejun Park láti Korea kó o wọ ìjà tí ẹ̀dá méjì-méjì ti ń kojú ara wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé: bí ọ̀tá bá fẹ́ gbá Gyarados ẹgbẹ́ rẹ̀, Pachirisu á fi Follow Me fa ẹ̀ṣẹ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á jẹ ẹ́, á sì ṣì dúró, Gyarados á ti ráyè ṣe ohun tó wá ṣe. Sejun Park ló gba ife àgbáyé lọ́dún náà. Olùdíje wo ni ìbá fi pọ́ìntì 5 ra Pachirisu kó tó di ọjọ́ yẹn? Agbára ẹ̀dá wà lára àwọn tó yí i ká, lára àwọn tó ń dojú kọ, àti lára ọpọlọ ẹni tó ń darí rẹ̀. Owó lè yí padà bí ìmọ̀ yìí bá ń pọ̀ sí i. 8 á di 11, 20 á di 16. Ìwé ìfòfindè kì í kẹ́kọ̀ọ́ kankan, torí kò sẹ́ni tó ń lo ẹ̀dá náà mọ́ tí a ó fi mọ̀ bóyá a ṣì í dájọ́.

Ìfòfindè kò sì ní ibi tó ń parí sí. Nígbà ìran kẹrin Pokémon, ariwo Garchomp gba gbogbo ilẹ̀ kan, Smogon sì lé e kúrò ní OU, ìsọ̀rí tí àwọn ènìyàn ti ń jà jù. Ṣé ariwo dákẹ́? Kò pẹ́ tí Salamence bọ́ sí ipò ẹni tí gbogbo ẹnu ń bá wí, òun náà sì lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ìka kò dọ́gba, bí a bá sì gé èyí tó gùn jù, òmíràn ni yóò gùn jù. Nínú draft, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lé ẹ̀dá pọ́ìntì 20, ẹ̀dá pọ́ìntì 19 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di ọba lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n iye owó ìjòyè lẹ ṣì ń tà á. Ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ara yín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹjọ́ tirẹ̀ náà á dé. Sáà mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé ìfòfindè á ti gùn ju ìwé iye owó lọ, ẹgbẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á sì jọra wọn bí ìbejì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ṣé kò wá sí ohun tó yẹ kí a fòfin dè rárá ni? Ó wà, ibi tó sì wà ni àwọn afòfindè kì í sábà wò. Ohun tí owó kò lè wò sàn ni ohun tó bá gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ ẹni tí à ń bá jà. Fissure àti Sheer Cold jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ tó ń pa ẹ̀dá lẹ́ẹ̀kan náà bó bá bá a, ìgbà 30 nínú 100 ló sì sábà ń bá a láàárín àwọn tó dọ́gba. Iye wo lẹ fẹ́ tà á tí yóò fi di ọgbọ́n? Tẹ́tẹ́ ni, tẹ́tẹ́ ni yóò sì máa jẹ́, ní pọ́ìntì 2 tàbí ní 40. Double Team, tó ń mú kí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tá máa tàsé, irú kan náà ni. Shadow Tag, tí kì í jẹ́ kí alátakò lè pààrọ̀ ẹ̀dá, ń di ẹlòmíràn lọ́wọ́ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fòfin de àwọn wọ̀nyí, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọ̀nà ìjà ni gbogbo wọn, kò sí ẹ̀dá kankan nínú wọn. Smogon tí ẹ fẹ̀yìn tì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà líle. Nígbà tí Scarlet àti Violet jáde ní òpin 2022, wọ́n lé Houndstone, ajá òkú kan tí àròpọ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ 488 péré. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Last Respects ló dẹ́ṣẹ̀: 50 ni agbára ẹ̀ṣẹ́ náà, ó sì ń fi 50 kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ti ṣubú nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2023, Basculegion dé, òun náà mọ ẹ̀ṣẹ́ yẹn, ọ̀ràn náà sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó fòfin de Last Respects fúnra rẹ̀, Houndstone sì gba òmìnira. Bí wọ́n ti ṣe fún Garchomp nìyẹn náà ní ìran karùn-ún: wọ́n kọ́kọ́ lé e, wọ́n wá rí i pé Sand Veil tó ń mú kí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tá tàsé nínú ìjì iyanrìn ló ń yọ ènìyàn lẹ́nu, wọ́n fòfin de Sand Veil, Garchomp sì padà sílé.

Wọ́n tún ní iye owó ń bí ojúsàájú, pé ọ̀gá líìgì lè dín owó ẹ̀dá tí òun fẹ́ràn kù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ìwé ìfòfindè, ṣé áńgẹ́lì ni? Ọ̀gá líìgì kan náà ni, pẹ̀lú ìbò àwọn tí ẹ̀dá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá fi pọ́ìntì 2 ṣojúsàájú ṣe ìwà ìbàjẹ́ kékeré. Ẹni tó bá fi ìfòfindè ṣe é gba odindi ẹ̀dá kúrò lọ́wọ́ olóhun. Bí ẹ kò bá sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni láti kọ iye owó, ẹ má kọ ọ́ rárá: ẹ gbé ẹ̀dá kalẹ̀ fún gbàǹjo, kí àwọn olùdíje máa fi owó lé owó títí ọ̀kan yóò fi kù. Bí àwọn ará Íńdíà ti ń ṣe é nínú Indian Premier League ti kíríkẹ́ẹ̀tì láti 2008 nìyẹn. Ní gbàǹjo tí wọ́n ṣe ní Jeddah ní oṣù kọkànlá 2024, bílíọ̀nù 1.2 owó rupee ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti kó gbogbo eléré rẹ̀ jọ, ẹgbẹ́ Lucknow sì ná mílíọ̀nù 270 nínú rẹ̀ lórí Rishabh Pant nìkan. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lé Pant torí pé ó dára jù. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù fi ìyókù owó wọn kó ẹlòmíràn jọ, Lucknow kò sì dé ìpele àṣekágbá ní sáà 2025. Ta ló fẹ́ fẹ̀sùn ojúsàájú kan iye tí àwọn olùdíje fẹnu ara wọn dá?

Ọ̀rọ̀ ẹni tuntun ló kù, èyí tí wọ́n máa ń mú wá bí ẹni mú ọmọ òrukàn wá síwájú adájọ́. Kí ló ń fa ọmọ tuntun wọ líìgì? Rayquaza tó rí nínú fíìmù ni, Mewtwo tó ti mọ̀ láti kékeré ni. Ẹ wá sọ fún un ní ẹnu ọ̀nà pé gbogbo àwọn tó mọ̀ ni a ti lé, kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ 300 ẹ̀dá tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ta ni èyí ṣe lóore? Àgbà tó ti mọ 300 náà sórí ni. Níbi tí gbogbo ẹ̀dá bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìmọ̀ nìkan ló ń borí, ìmọ̀ sì ni ohun tí ẹni tuntun kò ní. Ìwé iye owó fún un ní ọ̀nà: ra Mewtwo rẹ, san iye tó tó, kí o mọ ohun tí o fi sílẹ̀. Bó bá pàdánù, ó rí ibi tí àṣìṣe òun wà, torí nọ́ńbà wà lójú ìwé. Bí wọ́n bá lé Mewtwo, kí ló kọ́? Pé ẹni tó bá pariwo jù ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń dá líìgì sílẹ̀, yálà ní Fádèyí tàbí ní òdìkejì ayé, ẹ fa ìwé ìfòfindè yín ya, kó ku ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí gbogbo ìlà náà sì jẹ́ orúkọ ọ̀nà ìjà, kó má sí orúkọ ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Ẹ yọ òrùlé 20 kúrò lórí iye owó, kí ẹ̀dá tó bá tó 35 jẹ́ 35, kí èyí tó bá tó 60 jẹ́ 60. Ẹ tún iye náà ṣe ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, bí ìjà bá ti fi hàn. Nígbà tí ẹnìkan bá tún dé pẹ̀lú ẹjọ́ pé ẹ̀dá kan ti lágbára jù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: èló lo fẹ́ ká tà á? Bí kò bá lè dáhùn, kò ní ẹjọ́. Kò sí ẹ̀dá tó lágbára jù nínú líìgì tí owó bá wà. Èyí tí wọ́n tà ní ọ̀pọ̀ ló wà, ẹ̀bi ẹni tó kọ iye rẹ̀ ni, ọwọ́ ẹni náà ló sì yẹ kó tún un ṣe.